Bí a Ṣe Lè Fi Oúnjẹ Ewéko Dènà Àtọ̀gbẹ, Kí a sì Fi Kápá Rẹ̀

Nígbà tí dókítà sọ fún ìyá mi pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti kọjá ààlà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n jáwọ́ nínú ẹran. Wọn kò jẹ ẹran mọ́, wọn kò jẹ ẹyin, wọn kò sì mu wàrà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a padà lọ ṣe àyẹ̀wò, ṣúgà náà kò sọ̀kalẹ̀, ńṣe ni ó tún gòkè díẹ̀ sí i. Ó dùn wọ́n wọra, nítorí pé wọ́n ti gbìyànjú gan-an. Ìgbà tí a jókòó, tí a kọ gbogbo ohun tí wọ́n jẹ fún odindi ọjọ́ méje sílẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà tó yé wa: búrẹ́dì funfun ní òwúrọ̀, ìrẹsì funfun ní ọ̀sán, ìrẹsì funfun ní alẹ́, àti omi èso inú páálí, ife mẹ́ta lójúmọ́, nítorí wọ́n gbà pé èso náà ni. Kò sí ẹran níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ kò sì ju ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo lọ.

Mo fi ìtàn yìí ṣáájú nítorí pé inú rẹ̀ ni kókó ohun tí mo fẹ́ sọ wà. Oúnjẹ ewéko lè dènà àtọ̀gbẹ irú kejì, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ó sì lè ran ẹni tí ó ti ní in lọ́wọ́ láti kápá rẹ̀. Àmọ́ ohun tí a fi dí àyè ẹran nínú àwo ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá yọ ẹran kúrò tí ó sì fi ṣúgà àti ìyẹ̀fun funfun rọ́pò rẹ̀ lè máa bá àìsàn náà lọ láìmọ̀.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Púpọ̀ nínú oúnjẹ afúnnilókun tí a ń jẹ, bí ìrẹsì àti búrẹ́dì, ni ó ń di ṣúgà tí a ń pè ní glúkóòsì nígbà tí ó bá dé inú ìfun, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn ikùn, tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas, ni ó ń tú ínsúlíìnì jáde, ínsúlíìnì yìí ni ó sì ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ara gba ṣúgà náà wọlé kí wọ́n lè fi ṣe agbára. Nínú àtọ̀gbẹ irú kejì, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn àgbàlagbà, ínsúlíìnì ṣì wà, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan àti ti ẹ̀dọ̀ kò dá a lóhùn bí ó ṣe yẹ mọ́. Ọ̀kan lára ohun tí ó ń fà á ni ọ̀rá tí ó ti rọra kó jọ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Pancreas yóò wá máa tú ínsúlíìnì púpọ̀ sí i jáde, títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi kọjá agbára rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kí òùngbẹ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́, ojú tí kò ríran kedere tàbí egbò tí kò jiná tó jẹ́ kí ènìyàn fura.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró de àmì àìsàn. Bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn tí ènìyàn kò jẹun fún ó kéré tán wákàtí mẹ́jọ, ìwọ̀n tí kò tó 100 mg/dL dára. 100 sí 125 fi hàn pé ènìyàn ti wà ní bèbè àtọ̀gbẹ. 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí àyẹ̀wò mìíràn bá tún jẹ́rìí sí i, àtọ̀gbẹ ni. Níbi tí wọ́n ti ń lo mmol/L, 7.0 ni wọn yóò pe 126 yẹn. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní HbA1c, tí ó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn, ní ààlà tirẹ̀ náà: ìdá 5.7 sí 6.4 nínú 100 jẹ́ bèbè, ìdá 6.5 sókè sì jẹ́ àtọ̀gbẹ. Ẹni tí ó wà ní bèbè yìí ni mo fẹ́ kí ó fi ara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi jù lọ, nítorí pé òun ni ó ní àǹfààní tí ó pọ̀ jù láti yí padà. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2002, lórí àwọn tí ó lé ní 3,000 tí wọ́n wà ní bèbè bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dín ọ̀rá inú oúnjẹ kù, kí wọ́n sapá láti dín ìwúwo ara wọn kù ní ìdá 7 nínú 100, kí wọ́n sì máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, dín ewu kí ó di àtọ̀gbẹ kù ní ìdá 58 nínú 100. Oògùn metformin tí wọ́n fún àwọn mìíràn dín in kù ní ìdá 31.

Àtọ̀gbẹ irú kìíní yàtọ̀. Nínú tirẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ni ó pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ń ṣe ínsúlíìnì run. Oúnjẹ kọ́ ni ó fà á, oúnjẹ kò sì lè lé e lọ. Kí wọ́n tó rí ínsúlíìnì ní ìlú Toronto ní ọdún 1921, oúnjẹ nìkan ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí ó ní irú yìí, wọn kì í sì í pẹ́ kú. Ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà dára fún wọn bí ó ṣe dára fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ fún òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kí ó fi ewé rọ́pò ínsúlíìnì ń ti ọmọ náà sínú ikú.

Iṣẹ́ tí ewéko ń ṣe, àti irú ewéko tí ó ń ṣe é

Ohun kan wà nínú ewéko tí kò sí nínú ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà rárá, èyí ni fáíbà, ìyẹn apá tí ìfun wa kò lè dà. Òmíràn nínú rẹ̀ a máa yọ̀ nínú omi ìfun, yóò sì fa ọwọ́ ṣúgà sẹ́yìn kí ó má baà ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún ń múni yó láìjẹ́ pé oúnjẹ pọ̀ jù, èyí ni ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá ń jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dáadáa máa ń fọn díẹ̀ láìfi ebi pa ara rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó yẹ kí àgbàlagbà jẹ fáíbà tí kò dín ní gíráàmù 25 lójúmọ́. Ìlàjì ife ẹ̀wà sísè kan máa ń ní tó gíráàmù 6 sí 8. Nǹkan kejì ni pé irú ọ̀rá tí ó máa ń dì, tí ó pọ̀ nínú ẹran ọlọ́ràá, bọ́tà àti wàràkàṣì, kéré nínú ọ̀pọ̀ ewéko.

Ẹ̀rí wà fún èyí. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọ ìjọ Adventist tí ó lé ní 60,000 ní Àríwá Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2009, àtọ̀gbẹ irú kejì wà lára ìdá 7.6 nínú 100 àwọn tí ń jẹ ẹran, ṣùgbọ́n ìdá 2.9 péré ni ó ní in láàárín àwọn tí kì í jẹ ohunkóhun tí ó ti ara ẹran wá. Ní ọdún 2006, Neal Barnard, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa ènìyàn 99 tí ó ti ní àtọ̀gbẹ: wọ́n fún apá kan ní oúnjẹ ewéko nìkan tí ọ̀rá rẹ̀ kéré, apá kejì sì tẹ̀ lé ìlànà oúnjẹ tí American Diabetes Association, àjọ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí nígbà náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 22, ìdá 43 nínú 100 àwọn ti àkọ́kọ́ ti dín oògùn kù. Ti àwọn kejì jẹ́ ìdá 26.

Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó bá ọ̀rọ̀ ìyá mi mu jù ni èyí tí ó jáde ní ọdún 2016, lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ó lé ní 200,000 ní Amẹ́ríkà. Àwọn olùwádìí náà pín oúnjẹ ewéko sí ọ̀nà méjì. Àwọn tí oúnjẹ wọn kún fún ọkà tí a kò bó, èso, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹ̀pà ní ewu àtọ̀gbẹ tí ó fi ìdá 34 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kì í jẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ewéko tiwọn jẹ́ ìyẹ̀fun funfun, omi èso, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àti ohun dídùn, ewu tiwọn fi ìdá 16 ga sí i. Ewéko ni méjèèjì.

Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ kọ ohun tí ẹ ń jẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ méje kí ẹ tó yí ohunkóhun padà. Ẹ má ṣe fojú fo ohun mímu àti ìpápánu. Bí ẹ bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ gbé ìwé náà lọ bá dókítà yín, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ fẹ́ yí oúnjẹ padà. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ohun tí yóò tẹ̀ lé e nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀wà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú wọlé. Èmi a máa fi í ṣáájú ẹ̀fọ́ pàápàá, nítorí pé òun ni ó lè dúró ní ipò ẹran kí ebi má sì tètè dé: ó ní èròjà amúaradàgbà, ó ní fáíbà, kì í sì í yára gbé ṣúgà sókè. Ẹ ṣà á, ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì fi omi tuntun sè é. Ẹ jẹ́ kí ó hó dáadáa, kí ó sì rọ̀ délẹ̀délẹ̀, pàápàá ẹ̀wà pupa ńláńlá nì, nítorí pé májèlé wà nínú rẹ̀ bí kò bá jiná. Ẹni tí kì í jẹ ẹ̀wà tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ fi odindi abọ́ bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ yóò wú, yóò sì sá fún un títí láé. Ṣíbí mẹ́ta lójúmọ́ tó fún ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa mu omi dáadáa. Inú yóò mọ̀ ọ́n. Sóyà àti tófù, ìyẹn wàràkàṣì tí a fi sóyà ṣe, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Bí ẹ̀wà bá ti mọ́ yín lára, ẹ wo àwo yín. Kí ó má ṣe fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 23 lọ. Ẹ fi ẹ̀fọ́ dí ìdajì rẹ̀: àwọn ewé, tòmátì, kábéèjì, kúkúńbà, ẹ̀wà aláwọ̀ ewé tí a ń jẹ pẹ̀lú èèpo, ata. Ẹ fi ẹ̀wà tàbí sóyà dí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdá kan tí ó kù ni ti ìrẹsì, búrẹ́dì, ànàmọ́ tàbí àgbàdo. Ohun tí ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ìdá kẹrin yìí ni ó gba gbogbo àwo wọn. Bí ẹ bá jókòó tì í, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, kí ẹ fi oúnjẹ afúnnilókun kẹ́yìn. Àwọn ìwádìí kéékèèké ti fi hàn pé èyí nìkan máa ń jẹ́ kí ṣúgà tí ó ń gòkè lẹ́yìn oúnjẹ dín kù.

Ní ti ọkà, èèpo rẹ̀ ni fáíbà pọ̀ sí jù. Ẹ yan ìrẹsì tí wọn kò bó èèpo pupa rẹ̀ kúrò, búrẹ́dì tí odindi àlìkámà ṣíwájú nínú ohun tí wọ́n kọ sí ara àpò rẹ̀, àti óòtì tí wọn kò lọ kúnná, nítorí pé bí wọ́n bá ṣe lọ ọkà kúnná tó ni ṣúgà rẹ̀ ṣe ń yára wọ inú ẹ̀jẹ̀ tó. Síbẹ̀, oúnjẹ afúnnilókun ni gbogbo wọn. Àyè tiwọn nínú àwo kò pọ̀ sí i nítorí pé èèpo wà lára wọn.

Èso kì í ṣe ọ̀tá alátọ̀gbẹ, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ẹ jẹ ápù, ọsàn, èso àjàrà, ní odidi, pẹ̀lú fáíbà rẹ̀, ẹyọ kan tàbí ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Omi tí a fún jáde lára rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ife omi èso kan lè ní ṣúgà tí ó lé ní gíráàmù 20, kò sì sí èso odidi tí a lè jẹ kíákíá bí a ṣe ń gbé ife mì. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ka ṣúgà inú omi èso mọ́ irú ṣúgà tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn dín kù, bí oyin àti ṣúgà inú tíì. Ẹ mu omi.

Ẹ̀kúnwọ́ kékeré ẹ̀pà tàbí kajú tí a kò fi iyọ̀ sí dára fún ìpápánu. Epo ni kí ẹ fi ọwọ́ mú díẹ̀: epo àgbọn ti ara igi wá lóòótọ́, àmọ́ ó kún fún irú ọ̀rá tí ó ń dì. Epo ólífì tàbí ti sóyà sàn jù ú lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ara páálí tàn yín jẹ. Bisikíìtì tí kò ní wàrà tàbí ẹyin nínú, bisikíìtì ni.

Kò pọn dandan pé kí ẹran kúrò nínú ilé lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀wà rọ́pò ẹran ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí ó sì kọ́kọ́ yọ ẹran inú agolo àti sọ́séèjì kúrò, ti gbé ìgbésẹ̀ gidi.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà nílé, ẹ lò ó láti fi mọ oúnjẹ tí ó bá ara yín mu. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ó ní àtọ̀gbẹ tí kò lóyún, ohun tí wọ́n ń lépa ni 80 sí 130 mg/dL kí oúnjẹ tó wọlé, kí ó má sì dé 180 lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà lè yàn iye mìíràn fún arúgbó tàbí aboyún. Ní ọjọ́ kan, ìyá mi jẹ abọ́ ìrẹsì funfun kan pẹ̀lú ọbẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ náà ka 212. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n jẹ ìdajì ìrẹsì náà, ẹ̀wà dí ìdajì kejì, wọ́n sì ti kọ́kọ́ jẹ abọ́ ẹ̀fọ́ kan. Ó ka 161. Wọ́n tún ọwọ́ wọn fọ̀, wọ́n sì tún un wọ̀n, nítorí pé wọn kò gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà, n kò bá wọn jiyàn lórí oúnjẹ mọ́.

Ohun tí mo ní kí ẹ ronú sí nígbà tí mo ní kí ẹ lọ rí dókítà nìyí. Bí oúnjẹ bá yí padà tí oògùn kò yí padà, ṣúgà lè sọ̀kalẹ̀ jù, pàápàá fún ẹni tí ó ń lo ínsúlíìnì, glibenclamide tàbí glimepiride. Ara gbígbọ̀n, òógùn tútù, òòyì, ọkàn tí ń lù kìkì àti ọ̀rọ̀ tí kò já gaara mọ́ ni àmì rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ka iye tí kò tó 70 mg/dL, ẹ mu gíráàmù ṣúgà 15 lójú ẹsẹ̀, bíi ìdajì ife omi èso, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún un ṣe. Ìgbà yìí nìkan ni omi èso di oògùn. Ẹni tí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu; ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Dókítà ni ó ń dín oògùn kù. Kí aláìsàn má ṣe dín in kù fúnra rẹ̀, bó ti wù kí ara rẹ̀ yá tó.

Fítámì B12 kò sí nínú ewéko ní ìwọ̀n tí ó tó. Ẹni tí kò jẹ ẹran, ẹyin tàbí wàrà rárá gbọ́dọ̀ máa lo hóró rẹ̀ tàbí oúnjẹ tí wọ́n fi kún, ọ̀rọ̀ náà sì tún le sí i fún ẹni tí ó ti ń lo metformin fún ọdún pípẹ́, nítorí pé metformin fúnra rẹ̀ máa ń dín B12 kù. Bí B12 bá lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ lè máa kú tipiri, ènìyàn yóò sì rò pé àtọ̀gbẹ ni ó ń ba iṣan ìmọ̀lára òun jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ti ní àbùkù gbọ́dọ̀ bá onímọ̀ nípa oúnjẹ sọ̀rọ̀ kí ó tó pọ̀ ní ẹ̀wà, tòmátì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí potásíọ̀mù inú wọn. Ẹni tí ó sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọdọ̀ ṣàdédé sọ ẹ̀fọ́ ewé di púpọ̀ láìsọ fún dókítà.

Ìyá mi ṣì ń lo metformin. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹja, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ ṣúgà wọn sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ẹ̀wà nínú ilé ìdáná, pẹ̀lú ẹ̀rọ náà lórí rẹ̀, kí wọ́n má baà gbàgbé.